Dígí Gbá Irùngbọ̀n Ọ̀gá Káfíńtà

Irùngbọ̀n Ọ̀gá Káfíńtà kì í ṣe irùngbọ̀n lásán. Àpótí iṣẹ́ ni.

Ibẹ̀ ni pẹ́ńsùlù rẹ̀ ń gbé. Ibẹ̀ ni ìṣó kéékèèké máa ń wà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí. Lọ́jọ́ kan, ó wá rúlà kékeré kan káàkiri ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá gbogbo àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ jà tán, kó tó di pé ó sín.

Háà-tíìṣọ̀!

Rúlà já bọ́ láti àgbọ̀n rẹ̀. Ó mú un nílẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ogún ọdún ló ti ń tọ́jú irùngbọ̀n yìí. Funfun àti dúdú ti dàpọ̀ nínú rẹ̀, wínníwínní, bí eérú tó bọ́ sórí èédú. Ó ń fi òróró pa á láàárọ̀, ó ń fi òòyà yà á lálẹ́. Tí ìyàwó rẹ̀ bá ní kó fá a, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Ṣé o fẹ́ kí n máa fi pẹ́ńsùlù há etí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni?"

Irùngbọ̀n yìí gan-an ni Dígí lọ gbá dànù.

Ayàwòrán ni Dígí. Awò ojú rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí awò náà nípọn tó ìdí ìgò. Bó bá yọ ọ́ lójú, kò ní mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ àfi tí onítọ̀hún bá dáhùn. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn, àmọ́ ẹnu náà kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ó ti pé ọdún méjì tí òun àti Nọ́ọ̀sì ti ń fẹ́ra. Nọ́ọ̀sì yìí ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀gá Káfíńtà bí. Gbogbo ìgbà tí Dígí bá ti lọ sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ńṣe ni bàbá máa gbé ayùn, tí á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ igi.

Kẹrẹ-kẹẹ, kẹrẹ-kẹẹ.

Títí igi á fi já, ọ̀rọ̀ náà á ti tutù.

Àfi lọ́jọ́ tí bàbá fúnra rẹ̀ pè é.

"Dígí."

"Sà."

"Mo máa pé ogójì ọdún nídìí iṣẹ́ yìí ní Sátidé. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń bọ̀. Mo fẹ́ fọ́tò ńlá kan, èmi nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti kan férémù ẹ̀ sílẹ̀. Tó bá dáa, èmi àti ẹ máa jókòó sọ ọ̀rọ̀ tí o máa ń wá sọ yẹn."

"Ọ̀rọ̀ wo, sà?"

"Àbí o ti gbàgbé ẹ̀?"

"Rárá sà. Mi ò gbàgbé sà. Mi ò lè gbàgbé láéláé sà."

Bí Dígí ṣe gbé kámẹ́rà wá nìyẹn. Gílóòbù kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, pákó sì ti dí fèrèsé pa. Dígí ní òun fẹ́ tan iná kámẹ́rà. Bàbá ní kó má dán an wò.

"Má tan iná sí mi lójú. Mi ò jalè."

Kò sí ohun tí Dígí lè ṣe ju pé kó fipá mú kámẹ́rà kó ríran nínú òkùnkùn. Kámẹ́rà tí a bá fipá mú bẹ́ẹ̀, ohun tó bá rí, á sọ ọ́; èyí tí kò bá rí, á parọ́ rẹ̀. Fọ́tò jáde, àmì wínníwínní bí yanrìn kún un bámú. Yanrìn lára ògiri. Yanrìn lára pákó. Afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í rí, yanrìn wà lára òun náà.

Ọ̀gá Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà tí Dígí gbé wá.

"Kí ni gbogbo èyí? Ṣọ́ọ̀bù mi ò dọ̀tí tó báyìí."

"Kì í ṣe ìdọ̀tí, sà. Bí kámẹ́rà ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí iná ò bá tó. Nǹkan kan wà lórí kọ̀ǹpútà mi tó máa ń gbá a. Ibi tí mo bá sì fi hàn án nìkan ló máa gbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbá ẹ̀yìn mi. Ògiri, pákó, gbogbo ẹ̀ pátá. Àmọ́ gbọ́ o." Bàbá fi rúlà tọ́ka sí àyà ara rẹ̀. "Má fọwọ́ kan èmi."

"Mi ò ní fọwọ́ kàn yín, sà."

"Búra."

Dígí búra.

Àárọ̀ Sátidé ló jókòó ti iṣẹ́ náà. Búrọ́ọ̀ṣì kan wà lórí kọ̀ǹpútà. Ibi tí èèyàn bá fi kùn, á di pupa, ibi tó bá sì pupa nìkan ni ẹ̀rọ máa gbá. Dígí kun ògiri. Ó kun pákó. Ó rọra yí bàbá po bí ẹni tó ń kun fèrèsé tí kò fẹ́ kí ọ̀dà kan gíláàsì. Nígbà tó parí, ó tẹ bọ́tìnì.

Fìììì.

Gbogbo yanrìn wábi gbà. Ògiri tí bàbá kò kùn láti ọjọ́ tó ti kọ́ ọ wá ń dán bí ògiri báńkì. Dígí yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dìde rẹ́rìn-ín yí àga rẹ̀ ká.

Ibẹ̀ ló yẹ kó dúró.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ojúrere àna, ta ló máa sọ fún un pé ó tó? Dígí rí yanrìn díẹ̀ níwájú orí bàbá. "Díẹ̀ yìí péré," ó sọ fún ara rẹ̀, "wọn ò ní mọ̀." Ó kùn ún. Fìì. Iwájú orí ń dán. Ó bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fìì. Ó bọ́ sí imú. Nígbà tó wá dé ìsàlẹ̀ ẹnu, yanrìn ibẹ̀ ju ti gbogbo ibi yòókù lọ: dúdú, funfun, dúdú, funfun, ó ki pọ́pọ́.

"Ẹ̀hẹ́n," ni Dígí wí. "Ibí ni gbogbo yín wá kóra jọ sí."

Ṣé ẹ rí i, nítorí ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa, ó ti fa fọ́tò náà tóbi débi pé ohun tó hàn lórí kọ̀ǹpútà kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ lára gbogbo rẹ̀. Kò mọ̀ pé inú irùngbọ̀n lòun wà. Ẹ̀rọ ní tiẹ̀ kò mọ irùngbọ̀n. Wínníwínní ló mọ̀, wínníwínní náà ló sì rí.

Ó gbá a.

Fìììììì.

Fóònù dún. Nọ́ọ̀sì ni.

"Níbo lo wà? Àwọn ẹgbẹ́ Dádì ti pé o. Dádì kàn ń yọjú sí títì ni."

"Mo ti parí ẹ̀. Ó dùn ún wò kọjá àlà."

"Ṣé o ò fọwọ́ kàn án?"

"Kan kí ni?"

"Dádì."

"Ṣé orí mi dàrú ni?"

Kíá, ó fi fọ́tò tuntun pamọ́ sórí ti tẹ́lẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ pa rẹ́, ó sì sáré jáde. Káàdì kámẹ́rà rẹ̀ náà rèé, ó ti nu gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ mọ́ fóní-fóní nítorí iṣẹ́ ọjọ́ kejì. Kò sí ọ̀nà àbáyọ kankan, òun kò sì mọ̀.

Nílé ìtẹ̀wé, Dígí wà níta tó ń wá mọ́tò nígbà tí fọ́tò ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Onítẹ̀wé, tí kò rí Ọ̀gá Káfíńtà rí láyé rẹ̀, ló wò ó.

"Àna tí o sọ nìyí? Ara bàbá yìí mà ń dán o. Kí ni wọ́n ń pa?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni," Dígí dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, orí rẹ̀ wú. Ó gba fọ́tò tí wọ́n ti ká, ó fi há abíyá, eré ló kù.

Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti da férémù dojú bolẹ̀ sórí aṣọ kan. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbà ki fọ́tò bọ férémù, nítorí náà ẹ̀yìn funfun nìkan ni Dígí rí bó ṣe ń tẹ́ ẹ. Kọ̀, kọ̀, kọ̀, ó kan ìṣó mọ́ ọn. Ó fi aṣọ náà bò ó, ó gbé e dìde. Ọ̀gá Káfíńtà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó di aṣọ mú, ó fà á.

Fàà!

Gbogbo wọn na ọrùn wò ó.

Ọkùnrin tó wà nínú férémù náà jọ Ọ̀gá Káfíńtà, àfi bí ẹni pé wọ́n bó o bí ẹyin. Irun ẹyọ kan kò sí lágbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀rọ kò sì rí àgbọ̀n bàbá rí, ó kàn fi àbá dá a ni: àgbọ̀n ọ̀dọ́mọkùnrin, ó ń kọ mànà.

Ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù wà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ kò gbá pẹ́ńsùlù, nítorí pẹ́ńsùlù kì í ṣe yanrìn. Ó dúró nínú afẹ́fẹ́ lábẹ́ àgbọ̀n, kò fara ti nǹkan kan, kò gbára lé nǹkan kan, ó kàn wà níbẹ̀ ṣáá. Ẹ̀rín ń pa mí níbi tí mo jókòó sí yìí.

"Ta nìyí?" káfíńtà àgbà kan béèrè.

"Àbúrò ẹ̀ ni," èkejì dáhùn. "Èyí tó wà lókè òkun yẹn."

"Àbúrò ẹ̀ ń pidán ni?"

Ìyá Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Nígbà tó nu omijé tán, ó sún mọ́ fọ́tò náà, ó wò ó fínnífínní, ohùn rẹ̀ sì yí padà.

"Ọkọ mi rèé," ó ní. "Ojú tí mo fẹ́ nìyí. Ogún ọdún rèé tí a ti ríra kẹ́yìn."

Ọ̀gá Káfíńtà kò wo ìyàwó rẹ̀. Dígí ló ń wò.

"Dígí."

"Sà."

"Irùngbọ̀n mi dà?"

"Ó… ó bá yanrìn lọ, sà."

"Kí ni mo ní kí o gbá?"

"Ṣọ́ọ̀bù, sà."

"Ṣé àgbọ̀n mi ni ṣọ́ọ̀bù?"

Dígí wo àgbọ̀n náà. Pẹ́ńsùlù wà níbẹ̀. Rúlà wà níbẹ̀. Ìṣó méjì ń yọjú.

"Ọ̀sẹ̀ kan," ni bàbá wí. "Tí o ò bá dá irùngbọ̀n mi padà sínú fọ́tò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mi ò gbọdọ̀ gbọ́ orúkọ ọmọ mi lẹ́nu ẹ mọ́."

Ó fẹ́ yí férémù kojú sógiri. Ìyàwó rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sí yàrá wọn nílé.

Dígí délé, ó wá fọ́tò ti tẹ́lẹ̀ títí, kò rí i. Ló bá di pé ó fẹ́ fọwọ́ ya irùngbọ̀n náà, irun kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ya irun irínwó. Nígbà tó fà sẹ́yìn wò ó, ńṣe ló dà bí ẹni pé bàbá fẹ́ gbé ìgbálẹ̀ mì, tó há a lọ́nà ọ̀fun.

Ó pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ sẹ́yìn pákó ní ṣọ́ọ̀bù, pé òun á ya bàbá ní fọ́tò tí kò ní mọ̀. Kẹrẹ-kẹẹ, kẹrẹ-kẹẹ. Ayùn dákẹ́.

"Dígí."

"Sà."

"Jáde."

Ó jáde.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Nọ́ọ̀sì pè é. "Jọ̀ọ́, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kí n máa wo ibòmíràn ni?"

"Fún mi ní ọjọ́ méjì," Dígí bẹ̀ ẹ́, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ti dàrú. Ó fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí gan-an, kò sì fẹ́ kó jẹ́ pé irun ló máa gbà á lọ́wọ́ òun.

Lọ́jọ́ kẹfà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lẹ́rán. Òbúkọ aládùúgbò rẹ̀ wá dúró níwájú rẹ̀, ó ń jẹ ọ̀kan lára àwọn fọ́tò tó ti bàjẹ́. Dígí gbé ojú sókè láti lé e.

Ẹnu rẹ̀ là.

Irùngbọ̀n. Dúdú, funfun, dúdú, funfun. Wínníwínní.

Dígí wo òbúkọ. Òbúkọ wo Dígí.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Dígí wí jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

Ó fa òbúkọ wọ yàrá, ó ti fèrèsé, ó tan gílóòbù kan ṣoṣo, nítorí yanrìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tó kù lára aṣọ bàbá mu. Yanrìn tó fi gbogbo agbára gbá dànù, òun náà ló tún ń wá kiri nínú òkùnkùn báyìí. Ó ya àádọ́ta fọ́tò. Òbúkọ jẹ ìdajì kọ́tìnì, ó tún jẹ ìwé ẹ̀rí ẹni tó kọ́ṣẹ́ fọ́tò yege. Dígí kò dá a lẹ́kun. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ti gé irùngbọ̀n yẹn jáde nínú fọ́tò òbúkọ, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ bàbá lágbọ̀n, ó sì há pẹ́ńsùlù síbẹ̀ dáadáa. Ó bá bàbá mu ju bó ṣe bá òbúkọ lọ.

Ọ̀sán Sátidé, ó gbé fọ́tò tuntun tó lẹ̀ mọ́ pátákó ńlá lọ sílé bàbá, ó fi aṣọ bò ó. Òógùn ti bo awò ojú rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn.

Kó, kó, kó.

Ọkùnrin kan ṣílẹ̀kùn. Ó mú òòlù lọ́wọ́ kan, ó mú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ kejì, ó sì há ìṣó mẹ́ta sẹ́nu. Àgbọ̀n rẹ̀ ń dán, abẹ ti bó o díẹ̀ lápá kan, wọ́n lẹ bébà kékeré mọ́ ọn.

Dígí rántí ohun tí àwọn káfíńtà sọ lọ́jọ́sí. Inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ káàsán sà. Ẹ̀yin ni àbúrò Dádì tó wà lókè òkun, àbí? Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ mà jọra o. Ẹ̀yin náà tún ń kan nǹkan."

"Ùn," ni ọkùnrin náà wí láàárín ìṣó.

"Dádì ńkọ́?"

"Ùn."

"Kò burú. Ẹ̀yin gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i, ojú yín tuntun." Dígí ṣí aṣọ lórí fọ́tò. "Ẹ wo irùngbọ̀n yẹn, sà. Ṣé ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n yín?"

Ọkùnrin náà gbé ìpéǹpéjú kan sókè.

Dígí sún mọ́ etí rẹ̀. "Òbúkọ ni."

Ọkùnrin náà gbé ìpéǹpéjú kejì sókè.

"Òbúkọ aládùúgbò mi. Ẹ má sọ fún wọn o, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá yẹn le ju igi tí wọ́n ń rẹ́ lọ. Wọ́n fẹ́ràn irun yẹn ju ọmọ tí wọ́n bí lọ. Ká sọ òtítọ́ ṣáá, ti òbúkọ yìí dáa jù. Kò sí ìṣó nínú tiẹ̀."

Ọkùnrin náà rọra yọ ìṣó lẹ́nu, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó kó wọn sápò. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára fọ́tò. Ó gbé pẹ́ńsùlù sókè, ó tì í bọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó fọwọ́ sílẹ̀.

Kọ́.

Pẹ́ńsùlù já bọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un. Ó tún tì í bọ abẹ́ àgbọ̀n.

Kọ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó yí gbirigbiri wá síwájú bàtà Dígí. Dígí nu awò ojú rẹ̀, ó wo pẹ́ńsùlù náà. Ọjọ́ méje ló ti ń wò ó nínú afẹ́fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Kò lè ṣì í mọ̀.

Ó gbé ojú sókè wo àgbọ̀n ọkùnrin náà.

"Dádì?"

"Ọ̀sẹ̀ kan gbáko," ni Ọ̀gá Káfíńtà wí. "Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìyá Nọ́ọ̀sì fi ń jí, tó ń kí fọ́tò. 'Ẹ káàárọ̀ o, ọkọ mi.' Èmi tí mo sùn tì í, kò kí mi. Ní àná, ó bi fọ́tò bóyá ebi ń pa á. Mo bá ní kí n fá a kí n lè sinmi. Mo fá a tán láàárọ̀ yìí, ó wò mí títí, ó ní àgbọ̀n ti fọ́tò dáa ju tèmi lọ."

Dígí kò mọ̀ bóyá kí òun dọ̀bálẹ̀ tàbí kí òun sá.

"Kí n gbé e padà, sà?"

"Dúró."

Bàbá gba pátákó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Ó wo irùngbọ̀n náà láti òkè, ó wò ó láti ìsàlẹ̀, ó wo pẹ́ńsùlù tó dúró digbí nínú rẹ̀. Ó fọwọ́ pa àgbọ̀n ara rẹ̀ tó ṣófo, ó mí kanlẹ̀.

"Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?" ìyàwó rẹ̀ béèrè láti inú ilé.

Ọ̀gá Káfíńtà gbé fọ́tò há abíyá, ó fi ẹsẹ̀ taari ilẹ̀kùn kó ṣí gbayawu.

"Ọkọ ọmọ ẹ ni," ó dáhùn. "Òun àti òbúkọ kan."